Fíríìjì Bíà Tí Kọ̀ǹpútà Ń Ṣọ́

Alága ìjókòó, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níwájú, mo dọ̀bálẹ̀ o. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ dúró lẹ́yìn nítorí pé àga ò kárí, ẹ kú ìdúró. Wọ́n ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ lórí bí èèyàn ṣe lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe fíríìjì bíà tí kọ̀ǹpútà á máa darí, tí á máa wọn ooru inú rẹ̀, tí á sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti ń rí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa, ọ̀rọ̀ bíà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kì í fẹnu kan ọtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dìde. Àpótí tó bá lè mú garawa bíà dúró sójú kan fún ọ̀sẹ̀ méjì, ohun mìíràn tó bá ní ìwọ̀n ooru tó ń fẹ́ ló lè bá yín tọ́jú.

Bí mo ṣe ń wọlé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí gbogbo fíríìjì ló ní ohun tí wọ́n fi ń yí òtútù rẹ̀ sókè sódò. Kí la tún ń wá kọ̀ǹpútà sí i?" Mo ní kó lọ jókòó, pé ìdáhùn ìbéèrè rẹ̀ ni mo gbé wá.

Ẹ jẹ́ kí n fún un ní díẹ̀ lára rẹ̀ báyìí kó má bàa sùn. Fíríìjì ilé, nǹkan bí 4°C ni wọ́n ṣe é fún. Bí ẹ bá yí bọ́tìnì rẹ̀ títí tó fi kọ̀ tí kò yí mọ́, díígírì mélòó kan ló máa fi kúrò níbẹ̀. Bíà tí ìwúkàrà ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, ibòmíràn ló ń fẹ́. Oríṣi tí wọ́n ń pè ní ale ń fẹ́ nǹkan bí 18 sí 20°C. Lager ń fẹ́ nǹkan bí 9 sí 12°C. Bọ́tìnì ò dé ibẹ̀. Bó bá tilẹ̀ dé ibẹ̀, kò mọ ohun tó ń lọ nínú garawa, kò sì lè ròyìn òru fún yín nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́.

Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé nìyí. Ẹni tó bá rò pé torí pé kọ̀ǹpútà yára la ṣe ń gbé e sídìí fíríìjì, kó tún èrò pa. Sùúrù la ń wá lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ẹ fi òwe yẹn sápò, a máa tó náwó rẹ̀.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú garawa?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo inú garawa kí á tó fọwọ́ kan wáyà kankan. Omi ọkà báálì tí a sè pẹ̀lú òdòdó hops, tí a sì jẹ́ kó tutù, adùn ló ń dùn. Kò tíì di bíà. Ìwúkàrà ló ń sọ ọ́ di bíà. Bí a bá da ìwúkàrà sí i, á máa jẹ ṣúgà inú rẹ̀, á máa yọ ọtí, á máa yọ afẹ́fẹ́ carbon dioxide tí ẹ̀ ń rí tó ń ru fọ́ọ́fọ́ọ́. Ó tún ń yọ ohun kẹta, èyí sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé: ooru. Nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ bá le jù, láàárín ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, bíà inú garawa lè fi díígírì mẹ́ta sí márùn-ún gbóná ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ. Bí ooru bá ń pọ̀, ìwúkàrà á máa sáré. Bí ìwúkàrà bá ń sáré, ooru á tún máa pọ̀. Ta ló máa wá dá a lẹ́kun?

Bí ẹ kò bá dá a lẹ́kun, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí ẹ kò rán an. Á yọ àwọn ọtí líle kan tó máa ń ta ẹni lọ́fun. Á yọ òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n. Àwọn bíà kan wà tí òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹ wọ́n, irú bíà ọkà àlìkámà ti Jámánì, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ẹnì kan má bàa bá mi jà níta. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá pè é, tó wá fúnra rẹ̀, ẹ ò ní gbádùn rẹ̀. Bí òtútù bá wá pọ̀ jù ńkọ́? Ìwúkàrà á sùn, á rì sísàlẹ̀, á fi ṣúgà sílẹ̀ láìjẹ tán. Ẹni tó bá rọ irú bíà bẹ́ẹ̀ sínú ìgò, tó dé e pa, ó ti kó ìjàngbọ̀n sábẹ́ ìdérí. Ọjọ́ tí ìwúkàrà bá jí nínú ìgò, ìgò á fọ́.

Àwọn tó ń ṣe bíà mọ èyí kí wọ́n tó mọ ohun tí ìwúkàrà jẹ́ rárá. Ní Bavaria ní ilẹ̀ Jámánì, ní ọdún 1553, òfin jáde pé kò gbọdọ̀ sí ẹni tó máa ṣe bíà láti 23 April títí di 29 September. Kí nìdí? Ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀ ni, ooru wà, bíà ń bàjẹ́. Ìgbà òtútù nìkan ni wọ́n ń rí i ṣe dáadáa. Ó gba ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ọdún àti díẹ̀ kí ẹ̀rọ tó gbà wọ́n. Carl von Linde, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ẹ̀rọ ní Munich, ló ṣe ẹ̀rọ òtútù tó ṣeé gbára lé ní àwọn ọdún 1870, àwọn oníbíà sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ náwó lé e lórí. Spaten, ilé iṣẹ́ bíà kan ní Munich, wà lára wọn. Ní 1879 ni Linde dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní 1883, Emil Christian Hansen ní yàrá ìwádìí Carlsberg, ilé iṣẹ́ bíà kan ní Copenhagen, ya ẹyọ ìwúkàrà kan ṣoṣo sọ́tọ̀, ó sì mú un bí sí i. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ̀ ń fi fíríìjì ṣeré. Bíà wà lára ìdí tí ẹ̀rọ òtútù fi wáyé.

Amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sídìí ìwọ̀n. Wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́." Ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe irú fíríìjì yìí ti ń ṣìnà nìyẹn: afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń wọ̀n, wọn ò wọn bíà.

Ọ̀rẹ́ kan wà tó pè mí pé kí n wá wo fíríìjì òun, pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ó ní ìgbà tí òun bá ṣílẹ̀kùn wò ó lásán, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń mú fíríìjì tutù, á gbéra. Tí òun bá pa á dé, kò ní pẹ́ tí á fi dákẹ́. Bíà ò sì yéé gbóná. Mo dé ibẹ̀, mo bá sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, ohun tó ń wọn ooru, tó ń rọ̀ dirodiro lórí pẹpẹ, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Orí fíríìjì náà pé pérépéré. Ohun tí wọ́n sọ fún un ló ń gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ díẹ̀, ìṣirò náà ò le. Ká ní bíà 20 lítà wà nínú garawa. Láti fi díígírì kan ṣoṣo mú un gbóná, ó ń gba agbára tó tó 84,000 joule, joule sì ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka agbára. Ká wá ní inú fíríìjì gba 150 lítà afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ yẹn kò wúwo ju nǹkan bí gíráàmù 180 lọ, nǹkan bí 180 joule péré ló sì ń gbà láti fi díígírì kan gbóná. Ẹ fi wé ara wọn. Ó lé ní ìlọ́po irínwó! Ìdí nìyẹn tí afẹ́fẹ́ fi ń yí padà kí ẹ tó ṣẹ́jú, tí bíà ò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan ṣílẹ̀kùn. Ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe joule yìí, James Prescott Joule, ọmọ oníbíà ni ní Salford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun náà sì bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọkùnrin tó mọ bí wọ́n ṣe ń wọn ìdá díígírì tó kéré gan-an ni, nígbà tí ọ̀pọ̀ ò gbà pé ó ṣeé wọ̀n.

Nítorí náà, ibo ló yẹ kí sẹ́ńsọ̀ wà? Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara garawa, ní àárín ibi tí bíà dé, kó má ga ju ojú bíà lọ. Ẹ fi fóòmù tó nípọn bò ó lẹ́yìn kí afẹ́fẹ́ fíríìjì má bàa bá a sọ̀rọ̀, kí ẹ wá fi téèpù dè é le. Ó máa sún mọ́ ìwọ̀n bíà gidi gan-an. Àwọn kan máa ń ti ọ̀pá irin oníhò bọ inú bíà, wọ́n á sì ki sẹ́ńsọ̀ sínú ọ̀pá náà. Ìyẹn dára jù, àmọ́ ohun tó bá ti wọ inú bíà gbọ́dọ̀ mọ́ tónítóní. Sẹ́ńsọ̀ kejì ni kí ẹ fi sínú afẹ́fẹ́. Ẹ má sọ ọ́ nù, a máa tó rí iṣẹ́ fún un.

Àwọn nǹkan tí a máa lò, àti ohun tó lè pani nínú wọn

Mi ò ní pẹ́ lórí ohun èlò, wọn ò pọ̀. Fíríìjì àlòkù tó ṣì ń tutù. Kọ̀ǹpútà kékeré, bóyá Raspberry Pi tó jáde ní 2012, tàbí Arduino tó bẹ̀rẹ̀ ní Ivrea ní Ítálì ní 2005. Relay tí á máa ṣí iná sílẹ̀, tí á sì máa pa á. Hítà kékeré bíi 40 watt, nítorí yàrá mìíràn máa ń tutù ju ohun tí ìwúkàrà ń fẹ́. Fáànù kékeré tí á máa pín afẹ́fẹ́ káàkiri. Ẹ má fi gílóòbù iná ṣe hítà bí ẹ kò bá bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá, torí ìmọ́lẹ̀ máa ń ba ohun tó wá láti ara hops jẹ́, bíà á sì máa rùn.

Sẹ́ńsọ̀ tí mo fẹ́ràn jù ni DS18B20. Irin tí omi ò lè wọ̀ ni wọ́n fi bo ẹnu rẹ̀, ó sì ń wọ̀n láti −55 dé 125°C. Ẹ lè so mẹ́rin, márùn-ún mọ́ wáyà kan náà, torí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí wọ́n kọ sí i lára láti ilé iṣẹ́. Resistor 4.7 kilo-ohm kan ṣoṣo, ẹ̀yà kékeré tó ń dín iná kù, ni wáyà náà ń fẹ́. Ẹ kíyè sí i o: ó lè ka ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún díígírì, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é sọ pé ó lè fi ààbọ̀ díígírì yàtọ̀ sí òótọ́. Kó máa ka nǹkan wínníwínní, ìyẹn ò sọ pé ohun tó kà tọ̀nà. Ẹ fọ́ yìnyín wẹ́wẹ́ sínú ife, ẹ bu omi díẹ̀ sí i, ẹ rò ó, ẹ ti sẹ́ńsọ̀ bọ̀ ọ́. Bó bá ka 0.3, ẹ mọ̀ pé 0.3 ló fi ń ṣe àṣejù. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ètò kọ̀ǹpútà yín, ó parí.

Ibi tí mo ti fẹ́ fà yín létí ni iná. Iná tó ń lọ sínú kọ̀ǹpútà kékeré kò lè ṣe yín ní nǹkan kan. Iná tó ń lọ sídìí fíríìjì lè pani. Àwọn méjèèjì pàdé lára relay. Ẹ ṣe é sínú àpótí tó ní ìdérí, kí wáyà ilẹ̀ wà níbẹ̀, kí ohun tó ń já iná wà níwájú rẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò bá dá a lójú, kó pe oníná. Ẹ má gé wáyà fíríìjì. Ẹ fi sọ́kẹ́ẹ̀tì sára àpótí yín, kí fíríìjì máa gba iná láti ibẹ̀.

Kí relay náà sì tó gbangba sùn lọ́yẹ́. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra máa ń fa iná ní ìlọ́po lọ́nà púpọ̀ ju ìgbà tó bá ti ń sáré lọ. Àwọn relay kékeré aláwọ̀ búlúù tí wọ́n kọ 10 A sí lára, ẹnu wọn lè jó lẹ̀ mọ́ra, kó máà wá lè pa iná mọ́. Ẹ wá èyí tó lágbára ju ohun tí ẹ rò pé ẹ nílò.

Ohun kan tún kù. Ẹ má kàn gbé ẹ̀rọ ìlu-ihò dé ara fíríìjì. Nínú ọ̀pọ̀ fíríìjì, inú ògiri ẹ̀gbẹ́ ni ọ̀pá gáàsì ń gbà, gáàsì inú ọ̀pọ̀ àwọn tuntun sì ni R600a, ìyẹn isobutane, tó ń gbiná. Ihò kan ṣoṣo lè ba fíríìjì jẹ́, ó sì lè dáná. Wáyà sẹ́ńsọ̀ tín-ín-rín, ẹ gbà á láàárín rọ́bà ilẹ̀kùn. Kò ní ṣe nǹkan kan.

Sùúrù kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀

A ti débi tí mo fẹ́ràn jù. Ẹ yọ òwe ìṣáájú yẹn jáde nínú àpò.

Ẹni tó bá kọ ètò fún ìgbà àkọ́kọ́, ohun tó máa kọ ni pé: bí bíà bá kọjá 18, tan fíríìjì, bí kò bá tó 18, pa á. Ó dára létí, àbí? Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ á ka 18.06, fíríìjì á tàn. Á ka 17.94, á kú. Á tún ka 18.06. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ ó máa gbọ́ relay tó ń ta pá, pá, pá. Kí ló burú nínú ìyẹn? Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ni wọ́n ń fìyà jẹ. Nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ó ń ti gáàsì sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú agbára, ẹ̀gbẹ́ kejì sì ń fúyẹ́. Ọ̀pá tín-ín-rín kan ló wà láàárín méjèèjì. Bó bá dákẹ́, gáàsì gbọ́dọ̀ rọra gba ọ̀pá yẹn kọjá títí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á fi dọ́gba, ìyẹn sì ń gba ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí ẹ bá ní kó tún dìde kí wọ́n tó dọ́gba, ẹrù yẹn ti wà lórí rẹ̀ kó tó nà tán. Mọ́tò inú rẹ̀ ò ní lè yí. Á máa kùn, á máa gbóná, títí ohun tó ń dáàbò bò ó á fi já iná. Bó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ máa sin kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ yẹn láìpẹ́.

Nítorí náà, kí ètò yín mọ ìgbà tí fíríìjì dákẹ́ gbẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá, ó kéré tán mẹ́ta, kó tó gbà kó tún tàn, ì báà jẹ́ pé bíà ń pariwo ooru. Díígírì mélòó ni bíà 20 lítà lè fi gbóná láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún? Kò tó nǹkan. A ti ṣírò rẹ̀ níṣẹ̀ẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn. Hítà 40 watt yẹn, bí gbogbo ooru rẹ̀ bá tilẹ̀ wọ inú bíà láìṣẹ́kù, ìṣẹ́jú 35 ló máa lò kó tó fi díígírì kan ṣoṣo mú un gbóná. Ẹ̀yin ni ẹ̀ ń kánjú, bíà ò kánjú.

Ẹ tún fi àlàfo sílẹ̀: kó tàn ní 18.5, kó kú ní 18. Kí hítà ní ìlà tirẹ̀ tó jìnnà sí ti fíríìjì, 17.5 bí àpẹẹrẹ, kí àwọn méjèèjì má bàa máa bá ara wọn jà sórí iná tí ẹ̀ ń sanwó rẹ̀. Òfin kan tún wà tí kì í wá sọ́kàn ẹni. Bí iná bá lọ tó sì dé, kọ̀ǹpútà á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò ní rántí pé fíríìjì ń ṣiṣẹ́ ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn. Ẹ kọ ọ́ sí i pé nígbàkúùgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, kó gbà pé ìsinsìnyí ni kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ dákẹ́, kó dúró dé e. Ìlà kan ṣoṣo ni nínú kóòdù, òun ló sì máa ń yọ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ lọ́wọ́ ikú.

Ṣé ó ti tó? Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ó ti tó. Àmọ́ ẹ máa rí i pé nígbà tí fíríìjì bá kú ní 18, bíà kì í dúró ní 18. Irin tó ń tutù nínú fíríìjì ṣì tutù, ó ṣì ń fa ooru, bíà á yọ́ lọ sí 17 àti díẹ̀. Iṣẹ́ sẹ́ńsọ̀ kejì nìyí. Ẹ jẹ́ kí bíà sọ irú afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́, kí sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ sì darí fíríìjì. Bí bíà bá fi díígírì méjì gbóná jù, kí afẹ́fẹ́ tutù gan-an. Bó bá ku díẹ̀ kó dé ibi tí à ń fẹ́, kí afẹ́fẹ́ ti máa sún mọ́ ìwọ̀n bíà kó tó débẹ̀. Àwọn tó ṣe BrewPi, ètò ọ̀fẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ tó ń ṣe bíà nílé mọ̀, ọ̀nà yìí ni wọ́n gbà.

Ìmọ̀ tó wà nídìí rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní PID, ojú omi ló sì ti wá. Ní 1922, Nicolas Minorsky kọ̀wé lórí bí ẹ̀rọ ṣe lè máa darí ọkọ̀ ojú omi fúnra rẹ̀. Ó ti wo àwọn tó ń tukọ̀. Ó rí i pé atukọ̀ tó dáńtọ́ kì í wo bí ọkọ̀ ṣe yà kúrò lọ́nà nìkan. Ó ń wo bó ti ṣe ń yà bọ̀ látẹ̀yìn, ó sì ń wo bó ṣe ń yára yípo sí nísinsìnyí, kó lè ti dáwọ́ dúró kó tó kọjá ibi tó ń lọ. Mẹ́ta yẹn náà, tí lẹ́tà P, I àti D dúró fún, ni kọ̀ǹpútà yín á máa wò lórí bíà. Ẹ̀yin tí ìṣirò kì í bá rẹ́, ẹ má fòyà, àwọn ẹlòmíràn ti kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ kàn máa yí nọ́ńbà mẹ́ta ni. Èrò tèmi ni pé kí ẹ kọ́kọ́ lo àlàfo lásán fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń sáré lọ sídìí PID nígbà tó jẹ́ pé sẹ́ńsọ̀ wọn ló wà níbi tí kò yẹ.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí

Apá kẹta iṣẹ́ yìí ni kíkọ sílẹ̀. Ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, kí kọ̀ǹpútà kọ aago, ìwọ̀n bíà, ìwọ̀n afẹ́fẹ́, àti bóyá fíríìjì wà lójú iṣẹ́ tàbí kò sí. Ìlà kan lẹ́ẹ̀kan, sínú fáìlì lásán. Kò ju ìlà 1,440 lọ lójúmọ́, kò ní kún inú káàdì yín. Kí ẹ wá yà á sí àwòrán tí ẹ lè wò lórí fóònù.

Kí ni ẹ máa rí níbẹ̀? Ẹ máa rí ìwúkàrà bó ṣe ń jí. Láwọn wákàtí àkọ́kọ́, ìlà àwòrán á tẹ́jú. Lẹ́yìn náà, fíríìjì á bẹ̀rẹ̀ sí í tàn léraléra, bẹ́ẹ̀ yàrá ò gbóná ju ti àná. Ìwúkàrà ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. Nígbà tó bá yá, ìsinmi fíríìjì á máa gùn sí i, ẹ ó mọ̀ pé iṣẹ́ ń parí lọ. Ẹ ṣì gbọ́dọ̀ fi ohun tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà inú omi yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó rọ ọ́ sígò: kó ka iye kan náà fún ọjọ́ mélòó kan tẹ̀léra. Àwòrán ò lè gba ipò ìyẹn.

Kọ̀ǹpútà tún lè bá yín tẹ̀lé ètò ọlọ́jọ́ pípẹ́. Lager bí àpẹẹrẹ: ọjọ́ mélòó kan ní 10°C, bí iṣẹ́ bá fẹ́ parí, kó gòkè díẹ̀díẹ̀ lọ sí 16 kí ìwúkàrà lè kó òórùn bọ́tà tó wà nínú bíà kúrò, kó wá sọ̀ kalẹ̀ sún mọ́ 1°C kí bíà lè tòrò. Ta ló máa jí lóru máa yí bọ́tìnì fún ìyẹn? Èmi kọ́ o.

Ẹ kíyè sí nọ́ńbà kan tó máa ń da àwọn èèyàn láàmú: 85. Ẹnì kan fi fáìlì rẹ̀ hàn mí, gbogbo rẹ̀ ń lọ déédéé ní 18 àti díẹ̀, ló bá di 85.000 lójijì, ìlà tó tẹ̀ lé e tún padà sí 18.5625. Ó ní ṣé bíà òun hó ni? Rárá o. DS18B20, bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iná, 85 ló wà lẹ́nu rẹ̀ kó tó wọn ohunkóhun. Ó ń gba nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kó tó wọ̀n tán. Bí wáyà bá mì, tí iná kúrò fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ohun tí ẹ máa kà nìyẹn. Ètò tí kò ní làákàyè á gbà á gbọ́, á tan fíríìjì. Ẹ kọ ọ́ sínú tiyín pé bíà ò lè fi díígírì márùn-ún yàtọ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ohunkóhun tó bá sọ bẹ́ẹ̀, kó jù ú nù, kó tún kà. Lórí Raspberry Pi, ìlà méjì ni fáìlì sẹ́ńsọ̀ ń ní. Bí ìlà kìíní ò bá fi YES parí, ẹ má wo ìkejì rárá.

Bí kọ̀ǹpútà bá kú ńkọ́?

Ìbéèrè yìí ló kẹ́yìn, àwọn tó bá ti ṣe é rí ni wọ́n máa ń bi mí. Kọ̀ǹpútà á kú lọ́jọ́ kan. Káàdì rẹ̀ á bàjẹ́, tàbí ètò á há. Ẹ bi ara yín: èwo ló burú jù, kí fíríìjì máa ṣiṣẹ́ lọ láìdákẹ́, àbí kó dákẹ́ pátá? Bó bá ń ṣiṣẹ́ lọ, bíà lè dì, ohun tó gbé e lè sán. Bó bá dákẹ́, bíà á rọra gbóná, ẹ ṣì lè dé bá a. Nítorí náà, ẹ so relay ní ọ̀nà tó jẹ́ pé bí kò bá gba àṣẹ, iná á wà ní pípa. Ẹ yẹ ọ̀kan wò kí ẹ tó gbà á gbọ́, torí pé àwọn relay kan wà tó ń tàn nígbà tí iná tó gbé àṣẹ bá lọ sílẹ̀ dípò kó gòkè, wọ́n sì lè tàn fúnra wọn nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń jí. Ẹ tan watchdog inú kọ̀ǹpútà yín, ohun tó máa ń tún un bẹ̀rẹ̀ bí ètò bá há. Kó sì máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù yín bí bíà bá ti fi díígírì méjì jìnnà sí ibi tó yẹ fún wákàtí kan.

Thermostat, ohun tó wà nídìí bọ́tìnì òtútù tó bá fíríìjì wá láti ilé iṣẹ́, mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń já a sọ nù. Ẹ fi sílẹ̀. Ẹ yí i sí ibi tó tutù jù, kó má bàa dí kọ̀ǹpútà lọ́wọ́. Ọjọ́ tí ẹnu relay bá jó lẹ̀, tí iná ò ṣeé pa mọ́, òun ló kù tó lè dá fíríìjì dúró.

Kí ẹ tó da bíà sínú rẹ̀, ẹ bu omi 20 lítà sí garawa, ẹ lẹ sẹ́ńsọ̀ mọ́ ọn, kí ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ ṣílẹ̀kùn rẹ̀ láìnídìí. Ẹ fa iná yọ, kí ẹ dá a padà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ dúró síbẹ̀ kí ẹ gbọ́ bóyá kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún lóòótọ́. Ẹ já wáyà sẹ́ńsọ̀ kan, kí ẹ wo ohun tó máa ṣe. Bí fáìlì yín bá kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, tí omi sì wà níbi tí ẹ fi í sí, ẹ lè lọ se báálì yín.

Ẹ ṣeun tí ẹ fetí sílẹ̀. Mo rí ọwọ́ tó ti wà lókè lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ẹ máa wí, mò ń gbọ́.